Ṣé O Mọ Ohun Tí Wọ́n Ń Bù Sínú Àyẹ̀wò DNA?

Ṣé o mọ̀ pé èròjà kan tí wọ́n fà yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ màlúù wà nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò DNA tí wọ́n ń ṣe fún ènìyàn?

Ṣé o mọ̀ pé ohun kan tó wà nínú edé, nínú tẹ̀tẹ̀ àti nínú ọkà bàbà ló máa ń gba àyẹ̀wò náà sílẹ̀ nígbà tó bá kọ̀ tí kò jáde?

Ṣé o mọ̀ pé aró ẹlú, àní ẹlú tí a fi ń rẹ aṣọ láró, lè sọ gbogbo iṣẹ́ náà di òfo?

Sún mọ́ mi díẹ̀. A ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Kọ́kọ́ mọ èyí ná. DNA tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kéré gan-an. Ibi kan ṣoṣo tí dókítà fẹ́ yẹ̀ wò lára rẹ̀ tún wá kéré ju ìyẹn lọ. Ojú kò lè rí i. Nítorí náà, wọ́n máa ń sọ ibẹ̀ di púpọ̀. PCR ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn. Ọ̀kan á di méjì. Méjì á di mẹ́rin. Mẹ́rin á di mẹ́jọ.

Bá mi kà á. Tó bá fi máa yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹyọ kan ti di 1,024.

O mọ àwọn ère òkúta tó wà ní Èsìẹ́, nílẹ̀ Ìgbómìnà? Wọ́n lé ní 1,000. Ká ní ère kan péré ló wà níbẹ̀, tó sì ń di ìlọ́po méjì bí DNA ṣe ń ṣe nínú PCR, ìyípo mẹ́wàá péré ni ìbá fi pé iye tí gbogbo ayé ń wá wò.

Ìyípo 20 ńkọ́? 1,048,576.

Ìyípo 30 ńkọ́? 1,073,741,824. Bílíọ̀nù kan ó lé! Láti ara ẹyọ kan ṣoṣo!

Inú ike kékeré kan ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Omi inú ike náà lè má ju máíkírólítà 25 lọ. Ẹ̀kán omi kan pọ̀ jù ú lọ.

A ò tíì kúrò ní Èsìẹ́ o. Ṣé o mọ irú òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ àwọn ère yẹn? Òkúta rírọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, èyí tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tí irin lásán lè gé. Talc ló pọ̀ nínú rẹ̀, talc kan náà tí wọ́n ń lọ̀ sínú páúdà ọmọ ọwọ́. Kí ló sì wà nínú talc? Máginísíọ̀mù!

Máginísíọ̀mù yìí gan-an ni PCR kò lè ṣe láìní. Díẹ̀ péré ni wọ́n ń fi sí i, mílímólà 1.5 lọ́pọ̀ ìgbà. Gbàgbé láti fi í sí i, ohunkóhun kò ní jáde. Fi í jù, ohun tí o kò wá náà á máa jáde mọ́ èyí tí o ń wá.

Kí a tó kúrò ní Èsìẹ́, ọdún 1933 ni H. G. Ramshaw, ọ̀gá tó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò, jẹ́ kí ìjọba gbọ́ nípa àwọn ère Èsìẹ́. Ọdún 1945 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ dìde. Òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Àkọ́kọ́! Kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Ìbàdàn. Ó ku ọdún 15 kí a tó gba òmìnira.

Ó dáa. Ta ló ń ṣe ẹ̀dà DNA náà nínú ike? Énsáìmù kan ni, Taq lorúkọ rẹ̀. Inú omi gbígbóná tó ń tú jáde láti inú ilẹ̀ ní Yellowstone, ní Amẹ́ríkà, ni kòkòrò tó ni ín ń gbé. Thomas Brock àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Hudson Freeze, ló rí kòkòrò náà he ní 1966.

Taq lè to lẹ́tà DNA bíi 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣẹ́jú báyìí. Ó ti to 60.

Dígírì 75 sí 80 ló fẹ́ràn jù. Bí o bá sì gbé e dé dígírì 95, tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, ó ṣì lè fara dà á fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kó tó di pé ìdajì agbára rẹ̀ lọ.

Kary Mullis ni èrò PCR sọ sí lọ́kàn, ní 1983. Ilé iṣẹ́ Cetus tó ń bá ṣiṣẹ́ fún un ní 10,000 dọ́là gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ní 1991, Roche ra ẹ̀tọ́ PCR lọ́wọ́ Cetus. Ṣé o fẹ́ gbọ́ iye rẹ̀? Mílíọ̀nù 300 dọ́là! Ìlọ́po 30,000 ẹ̀bùn ọ̀gbẹ́ni yẹn. Àmọ́ ní 1993, ẹ̀bùn Nobel wá bá a.

Wàyí o, ibi tí wàhálà wà nìyí.

Lẹ́tà mẹ́rin ló wà nínú DNA: A, T, G àti C. A máa ń di T mú, G sì máa ń di C mú. Ìdè méjì ló wà láàárín A àti T. Mẹ́ta ló wà láàárín G àti C. Ẹyọ kan péré ni wọ́n fi ju ara wọn lọ, ẹyọ kan yẹn ló sì ń da láàbù láàmú káàkiri ayé!

Ibi tí G àti C bá ti pọ̀ jù, okùn DNA méjèèjì kì í fẹ́ tú. Bí wọ́n bá tilẹ̀ tú, kíá ni okùn kọ̀ọ̀kan á ká mọ́ ara rẹ̀. Taq á dé ibẹ̀, kò ní rí ọ̀nà kọjá.

Kí lo máa rí? Òfìfo. Òṣìṣẹ́ láàbù á kó omi inú ike sínú jẹ́lì, á jẹ́ kí iná mànàmáná fà á lọ, á sì tan iná àkànṣe sí i nínú òkùnkùn. Ibi tó yẹ kí ìlà kan ti máa tàn yòò, dúdú ló máa wà. Kì í ṣe pé aláìsàn kò ní DNA o. DNA rẹ̀ wà níbẹ̀ gbáà.

Bu èròjà kan tí ń jẹ́ betaine sí i. Tún un ṣe. Ìlà á yọ!

Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí betaine? Nínú gbòǹgbò kan tí àwọn ará Yúróòpù fi ń ṣe ṣúgà, ní ohun tó lé ní 150 ọdún sẹ́yìn. Ìyẹ̀fun funfun ni. Kò ní wàhálà.

Ọkà bàbà ń ṣe é fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọ̀dá bá dá, tí ilẹ̀ gbẹ, ọkà bàbà á máa kó betaine jọ sínú ewé kí omi má baà tán lára rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ náà ń ṣe é. Ọkà bàbà tí àwọn àgbẹ̀ Ìgbómìnà ń gbìn láti ayé baba ńlá wọn! Oògùn ọ̀dá tirẹ̀ ni oògùn PCR.

Edé inú òkun náà kún fún un.

Oúnjẹ adìyẹ ńkọ́? Wọ́n ń fi sí i, kí ooru má baà pa adìyẹ lára.

Ènìyàn náà ń lò ó. Àìsàn àbímọ́ni kan wà tí wọ́n ń pè ní homocystinuria. Betaine wà lára oògùn rẹ̀.

Mólà kan tàbí díẹ̀ lé ni wọ́n sábà máa ń fi sínú PCR. Ìyẹn tó gíráàmù 117 nínú lítà omi kan. Kì í ṣe fífọ́n o, bíbù ni!

Gbọ́ èyí tó jọ mí lójú jù lọ. Tí o bá bu betaine títí tó fi dé mólà 5.2, ìyàtọ̀ àárín G-C àti A-T pòórá. Ooru kan náà ló máa tú méjèèjì! Rees àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi hàn bẹ́ẹ̀ ní 1993.

Ìkìlọ̀ kan rèé fún ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ láàbù. Betaine oríṣi méjì ló wà lórí igbá. Èyí tí wọ́n pè ní hydrochloride ní ásíìdì nínú, ó sì máa ba iṣẹ́ jẹ́. Èkejì ni kí o rà. Wo ara ìgò náà dáadáa kí o tó sanwó.

Ó ku èròjà mìíràn, DMSO. Ìwọ gbọ́ tirẹ̀ ná!

Wọ́n lè rí DMSO láti ara igi tí wọ́n fi ń ṣe ìwé. Omi ni, ó mọ́ gaara. Tó bá kán sí ọ lọ́wọ́, ó máa gba inú awọ ara rẹ wọlé. Láìpẹ́, ẹnu rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn áyù. Ọwọ́ lo fi kàn án o, ẹnu lo fi ń tọ́ ọ wò!

Dígírì 18.5 ni DMSO ti ń dì. Omi lásán kì í dì títí tó fi dé òdo. Ìyẹn ni pé ní òwúrọ̀ ọyẹ́, nígbà tí òtútù bá mú gan-an nílẹ̀ Ìgbómìnà, ìgò DMSO lè dì gbagidi lórí tábìlì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé e sí fíríìjì. O máa yí ìgò náà sódì, kò ní kán. O máa dì í mọ́wọ́ pẹ́ títí, wàá rí i tí etí rẹ̀ ń yọ́, tí odidi dídì àárín rẹ̀ á máa léfòó nínú omi ara rẹ̀... rárá o! Kì í léfòó. Ó ń rì sísàlẹ̀ ni. Yìnyín omi ló ń léfòó, ti DMSO kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tí o bá bù sí i, ooru tí DNA nílò láti tú á fi nǹkan bí ìdajì dígírì tàbí díẹ̀ lé e wálẹ̀. Ìdá 5 ni ọ̀pọ̀ ń lò. Nínú máíkírólítà 25, ìyẹn jẹ́ 1.25 péré.

Má bù ú jù o. Ní ìdá 10, nǹkan bí ìdajì agbára Taq ti lọ.

Ní 1996, Baskaran àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ da betaine àti DMSO pọ̀ sínú ike kan náà. Ibi tí G àti C ti pọ̀ jáde. Ibi tí wọn kò ti pọ̀ náà jáde. Gbogbo rẹ̀ jáde dọ́gba-dọ́gba!

Kí ló kàn wá nínú rẹ̀? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ṣé o mọ̀ pé jínì mẹ́rin ni ènìyàn ní fún apá kan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní alpha globin? Méjì láti ọ̀dọ̀ ìyá, méjì láti ọ̀dọ̀ bàbá. Àmọ́ ní Nàìjíríà, ẹni kan nínú mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní gbogbo mẹ́rin. Ọ̀kan ti já bọ́. Àwọn mìíràn, méjì.

Iye lẹ́tà tó já bọ́ ńkọ́? Nǹkan bí 3,700!

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeyinka Gladys Falusi ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí, nínú ìwé ìwádìí kan tó jáde ní 1987. Ní 2001, L'Oréal àti UNESCO fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Falusi ní ẹ̀bùn àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, àwọn ni wọ́n mú fún Áfíríkà lọ́dún náà. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n. Ó yẹ kí gbogbo ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ orúkọ wọn, mo sì ń sọ èyí tọkàntọkàn.

Ibi tí jínì alpha globin wà, G àti C ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Ìdí nìyẹn tí betaine àti DMSO fi wọ́pọ̀ nínú àyẹ̀wò rẹ̀.

Gbọ́ òmíràn tó yani lẹ́nu. Tí ẹni tó ní àìsàn fòníkúfọ̀ladìde bá tún jẹ́ ẹni tí jínì alpha rẹ̀ kò pé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í sábà fọ́ tó ti ẹlòmíràn. Àìpé kan ń dín àìsàn mìíràn kù!

Àìsàn kan tún wà tí ń jẹ́ Fragile X. Ó ń dí ọpọlọ ọmọ lọ́wọ́ láti kẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́tà mẹ́ta, CGG, ló ń tún ara rẹ̀ sọ níbẹ̀. CGG, CGG, CGG. Ẹni tí kò ní àìsàn lè ní 30. Ẹni tó ní in máa ń ní ju 200 lọ. Ju 200 lọ, kò sì sí A tàbí T kan ṣoṣo láàárín wọn!

Fún irú èyí, àwọn kan máa ń pààrọ̀ G fúnra rẹ̀. Wọ́n á yọ átọ̀mù náítírójìn kan kúrò lára rẹ̀, wọ́n á fi kábọ́ọ̀nù sí i. Átọ̀mù kan péré. Okùn kò ní lè ká mọ́ ara rẹ̀ dáadáa mọ́.

O rò pé G àti C nìkan ló ń fa wàhálà? Rárá o.

Wo kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Lẹ́tà DNA rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 23. Nínú lẹ́tà 100, nǹkan bí 80 ló jẹ́ A àti T! Ti ikọ́ ẹ̀gbẹ wá jẹ́ òdìkejì rẹ̀: lẹ́tà mílíọ̀nù 4.4, nǹkan bí 65 nínú 100 ló jẹ́ G àti C. Ti ènìyàn wà láàárín méjèèjì, G àti C rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 41.

Nàìjíríà ni ibà àti ikọ́ ẹ̀gbẹ ti jọ ń bá wa fà á. Èròjà tó mú ọ̀kan jáde kò ní ṣe èkejì lóore.

Fún kòkòrò ibà, iyọ̀ mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní TMAC. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ran A àti T lọ́wọ́, kí wọ́n má baà já ara wọn sílẹ̀ ní kíákíá.

Ẹ̀jẹ̀ wá kàn. Wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀!

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ pupa kò ní DNA tí wọ́n ń wá? Kò ní kóró inú rárá. Ẹ̀jẹ̀ funfun ló ni ín. Nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, ẹ̀jẹ̀ pupa tó nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ funfun? Ẹgbẹ̀rún díẹ̀ péré!

Àwọ̀ pupa yẹn gan-an tún wá jẹ́ ọ̀tá PCR. Ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n ní irin nínú, tí ó bá sì bọ́ sínú ike, ó ń dí Taq lọ́wọ́.

Àlùbúmín inú ẹ̀jẹ̀ màlúù ni wọ́n fi ń gbà á kúrò. BSA ni wọ́n ń pè é láàbù. Á gbá ìdọ̀tí náà mọ́ra, Taq á sì rí àyè ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ló dí i lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ló tún gbà á sílẹ̀! Kreader kọ ìwé ìwádìí lé agbára BSA yìí lórí ní 1996.

BSA kan náà ló ń ṣẹ́gun aró ẹlú. Àwọn ọlọ́pàá tó ń wá ọ̀daràn nípa DNA mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ tó bá kán sára ṣòkòtò jíǹsì máa ń wá pẹ̀lú aró. Èròjà tó ń mú jíǹsì dúdú àti èyí tó ń mú adìrẹ Abẹ́òkúta dúdú, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Tánnìnì tó wà nínú obì àti nínú tíì náà ń dí PCR lọ́wọ́. Ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá ń dí i. Àwọ̀ dúdú inú irun ń dí i.

Heparin ńkọ́, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì? Òun náà. Tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ fún àyẹ̀wò DNA, wo ìdérí ìgò náà. Aláwọ̀ àlùkò ló sábà máa ń jẹ́. EDTA ló wà nínú rẹ̀.

EDTA fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó ń jí máginísíọ̀mù kó! Tí wọn kò bá fọ DNA náà mọ́ dáadáa, òun náà á pa PCR. Ọ̀tá tó kéré ni wọ́n kàn yàn.

Pọ̀nmọ́ rèé. Kọ́lájìn ló kún inú awọ àti egungun, kọ́lájìn sì ń dí PCR lọ́wọ́. Se kọ́lájìn pẹ́, ó di gẹ́látíìnì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé PCR, gẹ́látíìnì wà lára ohun tí wọ́n ń fi sí i kí Taq má baà tètè bàjẹ́. Tútù ń ba iṣẹ́ jẹ́, sísè ń tún un ṣe!

Mílíìkì oníyẹ̀fun náà ti gba iṣẹ́. Àwọn kan ti bù ú sí PCR, ó sì jáde.

Ewé pákí ní tirẹ̀. Ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ń fi PCR wá àrùn tó ń sọ ewé pákí di yẹ́lò, tó ń ká a jọ. Omi ara ewé máa ń dí iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. PVP ni ọ̀pọ̀ láàbù fi ń fà á kúrò. PVP wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì tí o ń gbé mì, òun ni kì í jẹ́ kó rún.

Glycerol náà wà lára wọn. Ẹni tó bá ń se ọṣẹ, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, glycerol ń jáde níbẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí Taq dì nínú fíríìsà.

Mo fẹ́ kí o jókòó fún èyí tó kàn yìí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, odidi DNA ọkùnrin Yorùbá kan láti Ìbàdàn jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí ń jẹ́ Nature. Ọ̀kan lára àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n ka gbogbo DNA rẹ̀ tán ni. Ọmọ Yorùbá! Wọ́n rí ibi tó tó mílíọ̀nù mẹ́rin tí lẹ́tà rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti ìwé àwòkọ tí ayé ń lò.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, 90 ọmọ Yorùbá ní Ìbàdàn ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún HapMap, iṣẹ́ tó ń wá ibi tí DNA ènìyàn ti yàtọ̀ síra: ìyá, bàbá àti ọmọ, ìdílé 30. Àbájáde ńlá rẹ̀ jáde ní 2005. Sẹ́ẹ̀lì wọn wà ní Camden, ní New Jersey, títí dòní, láàbù káàkiri ayé sì ń béèrè fún un.

Irú ẹ̀rọ tó ka DNA ọkùnrin Ìbàdàn yẹn máa ń fo ibi tí G àti C ti pọ̀ jù. Ní 2011, Aird àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Broad Institute ní Amẹ́ríkà wá ojútùú sí i. Wọ́n jẹ́ kí ooru pẹ́ sí i nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sì bu betaine mólà 2 sí i. Ibi tí ẹ̀rọ ń fò tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Tí iná bá lọ ńkọ́? O béèrè ire!

Ní 2000, àwọn ará Jàpáàn gbé LAMP jáde. Kò nílò ẹ̀rọ tó ń gbóná tó ń tutù. Ooru kan ṣoṣo, nǹkan bíi dígírì 65, ó parí. Abọ́ omi gbígbóná tí ooru rẹ̀ kò yí padà tó o. Ẹ̀dà bílíọ̀nù kan láàárín wákàtí kan!

Kí ló wà nínú rẹ̀? Betaine, nǹkan bíi mólà kan.

Tí ó bá jáde, omi inú ike á dà bí ẹni pé wọ́n kán ògì sí i. O lè fi ojú lásán rí i. Ohun tó sọ ọ́ di funfun bẹ́ẹ̀? Máginísíọ̀mù tún ni!

Ooru ọ̀nà ńkọ́, láti Èkó dé àríwá Kwara? Énsáìmù kì í fẹ́ ooru ìrìnnà. Ṣúgà kan wà fún un, trehalose. Ó wà nínú olú. Ó wà nínú ara eéṣú. Òun gan-an ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kòkòrò. Tí wọ́n bá fi gbẹ énsáìmù, á wà ní gbígbẹ láìsí yìnyín. Bu omi sí i, á jí. Ní 2004, wọ́n tún fi hàn pé ó ń mú kí DNA oní-G-àti-C púpọ̀ tètè tú. Iṣẹ́ méjì, owó kan.

PCR ti gba orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀ rí o. Ní ogúnjọ́ oṣù keje 2014, Ebola bá ọkọ̀ òfuurufú wọ Èkó. Láàbù LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ti Redeemer's University, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí, ló fi PCR dá a mọ̀. Ìlú tí ènìyàn rẹ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù! Àwọn tó kó o ní gbogbo Nàìjíríà jẹ́ 20. Mẹ́jọ kú. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́ta géérégé, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Ní 2020, Ẹdẹ ní Ọ̀ṣun ni wọ́n ti ka kòrónà àkọ́kọ́ tó wọ Nàìjíríà, lẹ́tà rẹ̀ tó nǹkan bí 30,000. Òun ni àkọ́kọ́ tí wọ́n kà nílẹ̀ Áfíríkà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí aláìsàn náà yọjú.

Ó ku ọ̀kan, òun ni mo fi pamọ́.

Ṣé o mọ àìsàn tí wọ́n kọ́kọ́ fi PCR yẹ̀ wò láyé? Nínú gbogbo àìsàn tó wà? Fòníkúfọ̀ladìde! Àìsàn tiwa. Nàìjíríà, níbi tí nǹkan bí 150,000 ọmọ ti ń bá a wáyé lọ́dọọdún, níbi tí nǹkan bí ẹni kan nínú mẹ́rin ti jẹ́ AS.

Oṣù kejìlá 1985 ni ìwé náà jáde nínú Science. Saiki ni orúkọ rẹ̀ ṣíwájú, Mullis wà lára wọn.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá. A tó di T. Ọ̀kan nínú bílíọ̀nù mẹ́ta!

Wọn kò tíì ní Taq nígbà náà. Énsáìmù tí wọ́n lò, ooru ń pa á ní gbogbo ìyípo. Ìyípo kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ṣí ike, kí wọ́n bu tuntun sí i. Lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyípo 20.

Ìyípo 20 yẹ kó fún wọn ní 1,048,576. Ohun tí wọ́n rí jẹ́ 220,000. Ó sì tó! Kò pé ọjọ́ kan, èsì ti dé.

Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn tó ń lo énsáìmù àtijọ́ yẹn ti ń bu DMSO sí i, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Bíbù èròjà sí PCR fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tó PCR fúnra rẹ̀.

Ní 1999, ìwé ìwádìí mìíràn jáde. Ó sọ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi DNA yẹ ọmọ inú oyún wò fún fòníkúfọ̀ladìde nílẹ̀ Áfíríkà, kí ìyá tó bímọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju wà lára àwọn tó ṣe é, Èkó sì ni wọ́n ti ṣe é.